Àpò Iyọ̀ Abẹ́ Ibùsùn

Ọṣẹ kò hó. Sẹ̀gilọlá fi ọwọ́ pò ó títí, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun mìíràn sínú ọpọ́n, ó fi gbogbo apá rò ó bí ẹni tó ń ro ọkà, síbẹ̀ ìwọ̀nba tó hó kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi pa rẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù lójú omi ni ìdọ̀tí funfun kan tó dì mọ́ra bíi wàrà tó ti bàjẹ́, tó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Agogo méje àárọ̀ Sátidé ni, lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Agbowó, aṣọ tó sì wà nínú ọpọ́n náà kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń fi ṣeré. Sùtánà tuntun ni, èyí tí ọkọ rẹ̀, Adéyẹmọ, yóò wọ̀ lọ́la nígbà tí wọ́n bá ń ta òróró sí i lórí nínú Ìjọ Òkè Ìtùnú. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Adéyẹmọ fi dúró de òróró yìí. Ó ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lu agogo àdúrà, àwọn tó kọ́ ní orin ìsìn ti gba òróró tiwọn kọjá lójú rẹ̀, kò sì ráhùn. Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló gé aṣọ náà tó sì rán an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sórí pẹpẹ fún ọjọ́ méje, tí wọ́n gbàdúrà sí i, nítorí náà kò sí pípààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Àṣà ìjọ náà ni pé ìyàwó ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ga ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ náà, nínú ilé rẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò gbọdọ̀ gbé e fún alágbàfọ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a fún omi ara rẹ̀ dànù. Tó bá wá di àárọ̀ Sọ́ńdè, Bàbá Aládùúrà yóò yẹ sùtánà náà wò láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, bí wọ́n bá sì rí àbàwọ́n kan, wọ́n á ní kí olúwarẹ̀ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Alàgbà Dúpẹ́olúwa rí. Odindi ìjọ ló rí ọkùnrin náà bó ṣe padà sí ìjókòó rẹ̀ láìní òróró lórí, oṣù tó tẹ̀ lé e ni kò sì wá síbẹ̀ mọ́.

Gbogbo èyí ni Sẹ̀gilọlá ń rò bó ṣe ń wo funfun aṣọ náà tó ń di eérú lójú rẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tó ń dúró pẹ́ lórí ìṣòro. Ó ṣí ike bílíìṣì, ó dà á sínú ọpọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìdérí bò ó, ó sì wọlé lọ gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà alẹ́ ni. Pẹ̀lú irú omi tí wọ́n ní nílé yẹn, ẹ̀wà tí ènìyàn bá fẹ́ jẹ lálẹ́, àárọ̀ ló ti ń gbé e kaná, tó bá sì yá, ó tún lè máa bá a bọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó padà dé, tó ṣí ìdérí, ariwo ló fi bọ ẹnu. Sùtánà náà ti pọ́n. Àwọ̀ bíi ti irin tó dógùn-ún ti tàn láti èjìká dé àyà, ó ṣàn lọ sí apá ọ̀tún, ó sì dá tótòtó sí ìṣẹ́tí.

Ìdùnnú, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, sáré jáde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Mọ́mì, kí ló dé? Ta ló..." Ó rí ohun tó wà nínú ọpọ́n. "Hẹn! Sùtánà Dádì nìyí?"

"Má bi mí," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Bàbá rẹ ni kó o bi. Bàbá Ìdùnnú! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ yín!"

Adéyẹmọ yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ni. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tó ti ń ṣe fọ́tókọ́pì tó sì ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ máa ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rìn wá, ó tẹjú mọ́ ọpọ́n náà, ó sì yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Ẹ ò rí i?" ni Sẹ̀gilọlá wí. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo nínú ìjà ilé ló sábà máa ń jàre. "Ẹ kó owó tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe lé ẹ̀rọ lórí, ẹ ní omi wa á rọ̀. Mo ní wọ́n ti lù yín ní jìbìtì, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo ti fọkàn balẹ̀ o. Ẹ wá wo ibi tí ìfọkànbalẹ̀ gbé mi dé."

"Kí lo dà sí i?" ni Adéyẹmọ béèrè jẹ́jẹ́.

"Bílíìṣì. Kí lẹ fẹ́ kí n dà sí i, oyin?"

Adéyẹmọ wo ẹ̀rọ náà níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ẹ̀rọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Màá pe Babájídé," ló wí, ó sì padà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa nípa ẹ̀rọ yìí, nítorí Sẹ̀gilọlá kò ní sọ ọ́ láàárọ̀ yẹn. Sọ́fúnà ni àwọn tó ń tà á ń pè é, ẹ̀rọ tó ń gba líle kúrò lára omi. Àgbá gíga kan ni, pẹ̀lú àgbá kúkúrú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń da iyọ̀ sí, nítorí iyọ̀ náà ni oúnjẹ ẹ̀rọ, láìsí i, omi á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ìgbà tí Babájídé, púlọ́ńbà wọn, so ó mọ́ ilé, tó sì da iyọ̀ àkọ́kọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọṣẹ fi hó nínú ilé náà bí ẹni pé wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn. Irun Ìdùnnú rọ̀. Ihò ṣáwà tí èépá funfun ti dí tú omi jáde. Sẹ̀gilọlá gan-an kọrin níbi tó ti ń fọṣọ.

Àmọ́ ní oṣù yẹn kan náà ni dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ Adéyẹmọ, tó ní ó ti ń ru kọjá ààlà, tó sì ní kó jìnnà sí iyọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Sẹ̀gilọlá ti lé iyọ̀ jáde kúrò nínú ilé bí ẹni lé olè. Nígbà tí iyọ̀ ẹ̀rọ tán, tí Adéyẹmọ ra àpò kíló mẹ́wàá, iyọ̀ oníhóró ńláńlá, tó ní kí ìyàwó rẹ̀ dà á sí i, obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó wọ́ àpò náà lọ sábẹ́ ibùsùn, ó tì í sẹ́yìn àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì jáde wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti dà á. Ó dá a lójú gbangba pé iyọ̀ tó bá wọ omi ilé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun nìyẹn. Kò bi púlọ́ńbà, kò bi dókítà. Sẹ̀gilọlá kì í bi ènìyàn léèrè ohun tó bá ti dá a lójú.

Omi náà padà le. Ó wá ń sọ káàkiri àdúgbò pé wọ́n ti ta àgbá òfìfo fún ọkọ òun. Oṣù méjì ló ti ń sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́ dé ibi pé òun pàápàá ti gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tí ariwo àárọ̀ náà fi kọjá ògiri. Mujeebat tó ń ta nǹkan ìpanu lójú títì kọ́kọ́ yọ orí, ó ní kí wọ́n kúkú lọ ra òmíràn ní Dùgbẹ̀. Sẹ̀gilọlá bi í bóyá ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ọjọ́ méje àdúrà. Mujeebat rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá jẹ́ ti omi ni, òun kì í fọ aṣọ funfun mọ́ láti ọdún tó kọjá, dúdú àti àdìrẹ nìkan ni òun ń rà fún àwọn ọmọ òun, kí òun má baà kú sórí ọpọ́n. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń fi í ṣe àwàdà ní àdúgbò yẹn, ó sì ń bí ènìyàn nínú. Ẹ̀rọ omi ìlú kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ kí Ìdùnnú tó mọ ìwé kà. Ewúrẹ́ ló ń fi họ ara báyìí. Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà ní òpópónà náà, kànga ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ni wọ́n sì ti gbẹ́ síbẹ̀, oníkálùkù pẹ̀lú táǹkì tirẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú ìjà tirẹ̀ lórí owó epo. Omi àpáta kan náà sì ni gbogbo wọn ń fà. Ó mọ́ lójú, ó tutù lẹ́nu, ó ń hu èépá sínú kẹ́tùlù, ó ń sọ tówẹ̀lì di pákó, ó ń jẹ owó ọṣẹ, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè lọ bá pé kí ló dé. Ẹni tó lágbára ra ẹ̀rọ. Ẹni tí kò lágbára ra aṣọ dúdú.

Ohùn kejì tó wá láti orí ògiri ni ti Alhaja Ràṣídátù. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìdílé rẹ̀ ló sì ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ilé tó kún un.

"Ìyá Ìdùnnú, kí lò ń dún sí láti àárọ̀? Gbé e sókè kí n rí i."

"Ẹ káàárọ̀ mà, Alhaja." Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé èjìká aṣọ náà sókè kúrò nínú omi. Omijé ti lé sí ojú rẹ̀ wàyí, ó sì bínú sí omijé náà. "Tọ̀la ni, mà. Tọ̀la ni wọ́n fẹ́ ta òróró sí wọn lórí."

Alhaja wò ó dáadáa. Nígbà èwe rẹ̀, aṣọ àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń fọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀. "O da bílíìṣì sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sínú omi àpáta yìí." Ìyá náà pòṣé, àmọ́ òṣé rẹ̀ kò ní ìkà nínú. "Irin wà nínú omi yẹn, ọmọ mi. Bílíìṣì ló pè é síta. Gbọ́. Kọ́kọ́ ṣan bílíìṣì yẹn kúrò, ṣàn án títí òórùn rẹ̀ fi tán pátápátá, má jẹ́ kó pàdé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Lẹ́yìn náà, wá ọsàn wẹ́wẹ́, kó tó ogójì. Wá iyọ̀, oníhóró ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tó kúnná ti ọbẹ̀. Fún ọsàn sí ibi tó pọ́n, fi iyọ̀ bò ó, kó o sá a sí oòrùn gangan. Tó bá gbẹ, tún fún ọsàn sí i. Oòrùn oṣù yìí dára. Tó bá di agogo mẹ́rin, wá ṣan án."

"Pẹ̀lú omi wo, mà? Omi wa yìí kan náà?"

Alhaja na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù dúdú méjì ló wà lábẹ́ ìṣàn òrùlé rẹ̀, wọ́n ní ìdérí, wọ́n sì kún fún omi òjò ìkẹyìn. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé omi àlùwàlá ìyá náà ni, ọmọ rẹ̀ kan kò sì gbọdọ̀ fi kọ́ọ̀bù kàn án.

"Ọ̀kan jẹ́ tìrẹ," ló wí. "Ṣé omi Mùsùlùmí ò ní ba òróró yín jẹ́ ṣá?"

"Alhaja, òjò kan náà ló rọ̀ sórí òrùlé tiwa náà. Àwa la ò gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀." Sẹ̀gilọlá nu ojú. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Iyọ̀ ńkọ́? Ṣé o ní iyọ̀ oníhóró? Èmi ò ní, ti ọbẹ̀ ló wà ní tèmi."

Sẹ̀gilọlá ṣí ẹnu, ó pa á dé. "Mo ní," ló wí.

Ó rán Ìdùnnú lọ sí Bódìjà nínú kẹ̀kẹ́ láti ra ọsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan bílíìṣì kúrò lára aṣọ. Ó ń ronú bí yóò ṣe gbé àpò iyọ̀ náà jáde láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i. Ó ti rí ọgbọ́n dá. Yóò bu ú sínú abọ́ onídèérí, yóò ní ọ̀dọ̀ Alhaja ni òun ti gbà á. Ó kù díẹ̀ kó wọlé lọ ni Babájídé dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Adéyẹmọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀, mà. Dádì ní ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́."

"Kò ṣiṣẹ́ kẹ̀? Ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bá mi gbé e padà fún àwọn tó tà á, kí wọ́n dá owó wa padà," ni Sẹ̀gilọlá wí, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

Babájídé lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ìdérí àgbá kúkúrú náà, ó sì wo inú rẹ̀. Ó mú fóònù, ó tan iná rẹ̀, ó tún wò ó. Alántakùn kan ti ta òwú sí i láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́.

"Mọ́mì," ló wí, "iyọ̀ dà?"

Ẹ̀wà ń hó nínú ilé. Sẹ̀gilọlá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ọpọ́n, ó wo ibi gbogbo àyàfi ojú ọkọ rẹ̀.

"Mi ò dà á sí i," ló wá wí. Níwọ̀n ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé ohùn sókè, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ pẹ̀lú ohùn kékeré. "Mi ò dà á sí i, mi ò sì ní dà á! Dókítà ní kí wọ́n má fi ẹnu kan iyọ̀. Ṣé kí n wá máa fún wọn mu nínú omi ni? Kí n fi omi náà se ọbẹ̀ ikú fún wọn? Ẹ̀rọ lẹ rí, èmi, ọkọ ni mo rí."

Babájídé dìde díẹ̀díẹ̀. Ó tọ́ka sí páìpù kan tó yà sọ́tọ̀ kó tó dé ara ẹ̀rọ náà, tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. "Mọ́mì, ẹ wo èyí. Páìpù kíṣìnnì nìyí. Ọjọ́ tí mo ṣe é ni mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Omi tí ẹ ń mu àti èyí tí ẹ fi ń dáná kò gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá rárá. Bálùwẹ̀ àti ibi ìfọṣọ nìkan ló ń bọ́. Ká ní ẹ bi mí ni."

Ká ní ẹ bi mí ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, ó sì wọ Sẹ̀gilọlá lára ju gbogbo èébú tí ẹnikẹ́ni lè bú u lọ́jọ́ yẹn. Oṣù méjì àìhó ọṣẹ. Oṣù méjì ló fi sọ ọkọ rẹ̀ di òmùgọ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Ó gbé ojú sókè nígbẹ̀yìn, ó ń retí ìbínú tó tọ́ sí i.

Adéyẹmọ kò bínú. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò họ òpó ìlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ nǹkan. Ó kàn ní, "Ó dáa. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀," ó sì ní òun fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Sẹ̀gilọlá wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi jáde. Ọmọlúàbí ni Adéyẹmọ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọmọlúàbí tó ń jẹ èébú oṣù méjì tí kò ní pòṣé kan ṣoṣo.

Ó wọ yàrá lọ, ó kúnlẹ̀, ó wọ́ àpótí aṣọ kúrò, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn. Àpò iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ igun rẹ̀ kan ti ya. Ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ gé e, ó ti ká a padà dáadáa, ó sì ti fi kílíìpù irin tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀ há a lẹ́nu. Irú kílíìpù bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ti ń rí i nínú ilé yẹn. Ó gbé àpò náà wò. Iyọ̀ tó ti kúrò nínú rẹ̀ tó ìdajì kóńgò.

Sẹ̀gilọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò kọ́kọ́ bínú rárá. Ẹ̀rù ló bà á. Ó rántí àsáró tí kò níyọ̀, ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀, ẹyin tí kò níyọ̀, àti bí Adéyẹmọ ṣe jẹ gbogbo rẹ̀ ní àjẹpọ́nnulá láìráhùn. Ó rántí bó ṣe máa ń ní kó lọ bá òun wo nǹkan níta kí òun tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ó ti fi àìráhùn náà yangàn lójú àwọn obìnrin ìjọ. Ó ní ọkọ òun ní sùúrù. Ọkọ náà mọ̀ pé iyọ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ, ó gbà kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, ó gbà kí omi le, kó ṣáà lè máa rí iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ bù.

Ó wá bínú lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n Ìdùnnú ti dé pẹ̀lú ọsàn, oòrùn sì ti gun òkè, aṣọ náà kò lè dúró de ìbínú ẹnikẹ́ni. Ó bu abọ́ iyọ̀ méjì, ó ká ẹnu àpò náà padà bó ṣe bá a, ó fi kílíìpù há a, ó sì gbé e sí ibi tó wà.

Títí ọ̀sán ló fi wà lẹ́yìnkùlé. Ìdùnnú ń gé ọsàn, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fún un sí aṣọ, nítorí àṣà ni àṣà. Ó tẹ́ sùtánà náà sórí páànù tó gbóná, ó fún ọsàn sí èjìká, sí àyà, sí apá ọ̀tún, ó fi iyọ̀ bò ó bí ẹni tó ń bo ẹja. Omi ọsàn ta á lójú ọgbẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà ní ìka rẹ̀, kò yọ ọwọ́. Alhaja gbé àga wá sẹ́bàá ògiri, ó jókòó, ó ń fi ẹnu darí. "Ibẹ̀ yẹn. Rárá, òkè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Fi sílẹ̀ kí oòrùn ṣiṣẹ́ tirẹ̀." Ibẹ̀ náà ni Alhaja ti kírun Súhùrì. Ní agogo méjì, Sẹ̀gilọlá gbọn iyọ̀ igun kan kúrò, ó yọjú wò ó, kò gbà á gbọ́, ó pe Ìdùnnú kó wá fi ojú ọ̀dọ́ wò ó.

"Mọ́mì, ó ń lọ! Walahi, ó ń lọ!"

"Ta ló kọ́ ọ ní walahi?" ni Sẹ̀gilọlá wí, Alhaja sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Agogo mẹ́rin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi òjò láti òdì kejì ògiri, garawa kan lẹ́yìn èkejì. Sẹ̀gilọlá ju ìwọ̀nba ọṣẹ kékeré kan sínú ọpọ́n tó ti fọ̀ mọ́, ó rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ọṣẹ náà ru sókè, ó kún ọpọ́n, ó ń ṣàn dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Bó ṣe yẹ kí omi rí nìyí. Bó ṣe yẹ kó ti rí ní ilé gbogbo wọn ní òpópónà yẹn nìyí, láìsí pé ìyá arúgbó kan fún ènìyàn ní omi àlùwàlá rẹ̀.

Nígbà tó sá sùtánà náà sórí okùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ọrùn dé ìṣẹ́tí bí Bàbá Aládùúrà yóò ti ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó funfun. Ó dá a lójú, ó sì tún pe Alhaja kó bá òun wò ó, nítorí ọjọ́ yẹn ti kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Adéyẹmọ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó rí aṣọ náà lórí okùn, ó dúró sábẹ́ rẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án. "Sẹ̀gi," ló wí. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Sẹ̀gilọlá nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó wọlé, ó wọ́ àpò iyọ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e gba iwájú ọkọ rẹ̀ kọjá, ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ, ó gbá òwú alántakùn kúrò. Ó yọ kílíìpù náà, ó fi í lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá da gbogbo iyọ̀ tó kù sínú àgbá náà, ṣààà, títí àpò fi ṣófo. Adéyẹmọ ń wo iyọ̀ náà bó ṣe ń lọ.

Ó bu ẹ̀wà fún un. Ó ti jinná nígbẹ̀yìn. Ó fi epo àti àlùbọ́sà sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì fa àga jókòó sí òdì kejì tábìlì, ohun tí kò ṣe rí, nítorí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń wà lásìkò oúnjẹ. Adéyẹmọ mú ṣíbí. Ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Bá mi wo fóònù mi ní..."

"Ó wà lápò yín," ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ẹ̀wà ń tutù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Adéyẹmọ ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó fa ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n ta ní kókó yọ, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Iyọ̀ oníhóró ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan.

"Láti ìgbà wo?" ni Sẹ̀gilọlá béèrè.

"Ọjọ́ tí mo ń wá bàtà mi lábẹ́ ibùsùn." Ohùn rẹ̀ kéré. "Oúnjẹ náà kò dùn, Sẹ̀gi. Mo fara dà á títí, kò dùn."

"Mo mọ̀ pé kò dùn. Èmi náà ló ń jẹ ẹ́." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì jẹ́ kó gbọ̀n. "Òróró ni wọ́n fẹ́ ta sí yín lórí lọ́la. Ọdún mọ́kànlá la fi dúró dè é. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ni màá tún dà sí yín lára kí ọdún tó yí po."

Adéyẹmọ tẹ orí ba. Ó mú ṣíbí. Ó bu ẹ̀wà náà, ó jẹ ẹ́, ó tún bu, kò yára, kò dúró, títí ó fi rí ìsàlẹ̀ abọ́. Kò ní ó dùn.

Sẹ̀gilọlá mú ọ̀rá náà, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Sùtánà ń fì lórí okùn nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ó tú kókó ọ̀rá, ó dà á sínú ẹ̀rọ, ó gbọ̀n ọ́n títí hóró tó kẹ́yìn fi jábọ́, ó sì dé ìdérí rẹ̀ padà.